Ọmọ Tí Kò Pa Ilé-Ìwé Jẹ

Nígbà tí ìjọba gba ilé-ìwé lọ́wọ́ ìjọ, wọ́n yọ pátákó orúkọ, wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kun ògiri, wọ́n sì kó àwọn àga tó ṣì dára. Wọn ò béèrè ìwé kankan. Ọ̀gá tuntun gbé àpótí pákó kan tó kún fún ìwé àtijọ́ síta, ó ní kí àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì wá gbé pàǹtí wọn. Yàrá tí àlùfáà ti ń wọ aṣọ ìsìn ni àpótí náà wà fún ọdún kan ààbọ̀, ikán ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀, àfi èmi. Ojoojúmọ́ ni mo ń rántí rẹ̀, mi ò sì lọ wò ó.

Olúfọlákẹ́ Fákúnlé ni orúkọ mi. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ṣe tíṣà ní Sùkúù Ìjọ Bẹ́tánì ní Ìsọlọ̀, kíláàsì kejì ni mo sì kọ́ jù. Bí ẹ bá rí ẹni tí mo kọ́, á sọ fún yín pé mo le. Òótọ́ ló sọ. Ẹnu mi mú, ọwọ́ mi ò sì jìnnà sí pàṣán.

Ní 1977, ilé-ìwé náà pé àádọ́ta ọdún. Ìjọ ní bó ti wù kí ìjọba gbà á tó, àwọn ló bí i, àwọn ló sì máa ṣe ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ìgbà yẹn, ohun tuntun ló kù tí ojú ń wá. Wọ́n ń la ọ̀nà ńlá gba Òṣòdì kọjá, eruku rẹ̀ ń bà lé aṣọ tí a sá. Ẹni tí kò tíì ní tẹlifíṣọ̀n ń sọ fún aládùúgbò pé tòun ń bọ̀ lọ́nà. Ìjọ pàápàá ra dùùrù ńlá kan tí ẹnì kankan ò mọ̀ ọ́n tẹ̀. Àárín gbogbo èyí ni wọ́n wà tí wọ́n fi ní àwọn fẹ́ ìtàn.

Akọ̀wé ìgbìmọ̀ àjọ̀dún náà ni Ọlọ́runyọmí, ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ aṣọ ní Ìsọlọ̀ níhìn-ín. Kò tíì ju ọdún mẹ́ta lọ tó ti Ìwó dé. Ṣòkòtò rẹ̀ fẹ̀ nísàlẹ̀ débi pé ó ń bá wa gbálẹ̀ bó ṣe ń wọlé. Òun ló fi mọ́tò ilé-iṣẹ́ wọn gbé àpótí náà wá bá mi.

"Ìyá Títí, ẹ káàsán mà," ó ní. "Nínú àwọn tíṣà àtijọ́, ẹ̀yin nìkan lẹ kù nítòsí. Ẹ bá wa wo inú ẹ̀ mà. Èyí tí ikán ò bá tíì jẹ, ká fi kọ ìtàn."

Mo ní kó gbé e kalẹ̀.

Ohun tó kù kò pọ̀. Ìwé ìgbàwọlé kù, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti lọ. Ọjọ́ ìbí kan náà ni gbogbo ọmọ tó wọlé lọ́jọ́ kan náà ní nínú rẹ̀, nítorí kò sí ìyá tó mọ ọjọ́. Ọmọ á gbé apá gba orí, bí ọwọ́ rẹ̀ bá kan etí kejì, ọ̀gá á ní ó ti pé ọdún mẹ́fà, á sì kọ ọjọ́ tó bá wù ú. Ìwé àkọsílẹ̀ ọ̀gá náà kù, ìdajì rẹ̀. Ó wà níbẹ̀ pé ọmọ mọ́kànlá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 1927, mẹ́fà nínú wọn jẹ́ ọmọ Mùsùlùmí, àti pé lọ́jọ́ kan òjò wó àtíbàbà tí wọ́n ń lò, wọ́n sì ṣe ìṣirò tó kù lábẹ́ igi. Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ìwé ìjẹníyà náà wà, níbi tí tíṣà ti ń kọ orúkọ ọmọ tó nà, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ àti iye ẹgba. Lẹ́yìn náà ni ìwé ìpe-orúkọ márùn-ún. Mo mọ ẹ̀kẹta kí n tó ṣí i. Kíláàsì kejì, 1958. Ìwé mi ni.

Mo fi í sí ìsàlẹ̀ pátápátá, mo to àwọn yòókù lé e lórí, mo lọ dáná.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí, kí n má fi yín ṣeré. Mo bí ọmọkùnrin kan. Sílà ni orúkọ tí wọ́n fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì, Àjàmú ni orúkọ tí ìyá ọkọ mi fún un. Kíláàsì mi ló wà. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹwàá, 1958, ó dáhùn ìpè láàárọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, ara rẹ̀ gbóná, mo ní kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin mú un lọ sílé, kó lọ sùn. Mo bá ẹ̀kọ́ mi lọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó ti kú. Ọmọ ọdún méje.

Ẹ mọ bí a ti ń ṣe é. Àwọn ọkùnrin àdúgbò gbé e lọ, òbí kì í mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ sí. Ọkọ mi, òṣìṣẹ́ rélùwéè ní Òṣòdì, kó aṣọ rẹ̀, sílétì rẹ̀ àti bàtà rẹ̀ fún ẹni tí mi ò mọ̀ títí di òní. Fọ́tò kò sí, a ò ya á rí. Ó ní a ò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ nínú ilé mọ́. Àwọn èèyàn wá, wọ́n ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Inú bí mi sí gbogbo wọn. Ta ló bi wọ́n léèrè agbè? Títí, àbúrò rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn nígbà náà. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, gbogbo ẹnu tó ń pè mí ní Ìyá Sílà ti ń pè mí ní Ìyá Títí, àfi bí ẹni pé wọ́n ṣèpàdé lé e lórí.

Mi ò sunkún. Kì í ṣe pé mo lágbára. Ẹkún náà ni kò wá.

Ní Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá Abórìṣàdé ti kó àwọn ọmọ mi pọ̀ mọ́ kíláàsì tirẹ̀ lọ́sẹ̀ tí mi ò wá, kò sì sẹ́ni tó fi ọwọ́ kan ìwé mi. Mo jókòó, mo ṣí i, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Bí ọmọ bá dáhùn, ìlà kan láàárọ̀, ìlà kan lọ́sàn-án. Bí kò bá wá, òdo. Ìṣe wa ni pé bí ọmọ kan ò bá wá, ẹni tí wọ́n jọ ń jókòó lórí bẹ́ńṣì ló máa dáhùn fún un pé, "Kò wá, mà."

Mo dé orí Fákúnlé, Sílà Àjàmú. Mo pè é. Ẹnu mi ló pè é, mi ò rò ó tẹ́lẹ̀.

Sàláúdéènì Bùràímọ̀ ni wọ́n jọ ń jókòó. Ọmọ oníṣòwò kan ní Òṣòdì ni, ó tín-ín-rín, ó sì gbọ́ràn. Ó dìde, ó ní, "Kò wá, mà."

Mo ní kó jáde wá. Mo nà án ní ẹgba mẹ́fà. Mo fi ìlà sí iwájú orúkọ Sílà, mo tún fi ìlà kún gbogbo ọ̀sẹ̀ tó ṣófo. Lọ́jọ́ Túsìdeè, mo pè é, Sàláúdéènì ní kò wá, mo tún nà án. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè bákan náà. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, ó dákẹ́. Láti ọjọ́ yẹn títí a fi gba ìsinmi Kérésì, èmi ń pe orúkọ ọmọ mi lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, yàrá á pa rọ́rọ́, màá sì fi ìlà síbẹ̀. Ọ̀gá Abórìṣàdé ń buwọ́ lu ìwé náà ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan. Ó mọ̀. Kò sọ nǹkan kan, ó sì ti kú báyìí. Inú ń bí mi sí i síbẹ̀.

Ibi kan ṣoṣo tí orúkọ Sílà kù sí láyé nìyẹn, nínú ìwé mi, nítorí ikán ti jẹ ojú ewé tirẹ̀ nínú ìwé ìgbàwọlé. Ẹ ti mọ ohun tó wà nínú àpótí tí mi ò fẹ́ wò.

Mo kọ ìtàn ojú ìwé mẹ́rin, mo dá àpótí padà. Mo rò pé ó parí. Ọ̀sẹ̀ kejì, Ọlọ́runyọmí tún dé, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

"Mà, mo rí nǹkan kan. Mo jókòó ti àwọn ìwé ìpe-orúkọ yẹn, mo kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. A fẹ́ fún àwọn tí kò pa ilé-ìwé jẹ rárá lódidi ọdún ní ẹ̀bùn. Nínú ìwé márààrún, èèyàn mẹ́ta péré ló wà. Ọ̀kan tiẹ̀ ń jẹ́ Fákúnlé! Sílà Fákúnlé. Àbí ẹbí yín ni mà?"

Ojú mi wà lára ṣòkòtò rẹ̀. Mo ní, "Ẹbí ni."

"Níbo ló wà báyìí? Ká fi ìwé pè é."

"Ó ti rìnrìn àjò. Ó ti pẹ́."

"Á á! Lọ́ńdọ̀nù?"

Kí n tó la ẹnu, ó ti kọ Lọ́ńdọ̀nù sílẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, ibo lẹni tó bá rìnrìn àjò tún ń lọ?

Ó tún yọ ìwé ìjẹníyà jáde. "Èmi àti bùrọ́dá tó ń tẹ ìwé ètò fún wa, a fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sẹ́rìn-ín. Ẹ wo eléyìí mà. Sàláúdéènì Bùràímọ̀: irọ́ pípa nígbà ìpe orúkọ, ẹgba mẹ́fà. Ọjọ́ kejì, irọ́ pípa, ẹgba mẹ́fà. Ọjọ́ kẹta! Alhaji Sàláúdéènì wẹ́dà ni o, tó ń ṣe géètì ní Òṣòdì. Òun ló ṣe géètì tuntun tí a fẹ́ ṣí lọ́jọ́ náà. Màá kà á sétí ìjọ, á dùn mọ́ wọn. Ọ̀gá onígéètì, òpùrọ́ kíláàsì kejì!"

Ọwọ́ mi ló kọ "irọ́ pípa" náà. Mo wò ó, lẹ́tà rẹ̀ dára, ó dúró ṣánṣán. Bí mo bá ní kí Ọlọ́runyọmí má kà á, á béèrè ìdí. Bí mo bá sì sọ ìdí, á yọ orúkọ Sílà kúrò nínú ìwé ètò, gbogbo Ìsọlọ̀ á sì gbọ́ pé Tíṣà Fákúnlé ayédèrú ìwé ló kọ. Mo ní kó máa lọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo wọ mọ́tò lọ sí Òṣòdì. Ṣọ́ọ̀bù Sàláúdéènì kò jìnnà sí ojú irin, géètì dúró síwájú rẹ̀ ní ìlà méjì, ìlú ń kọ́lé, kálukú ń tilẹ̀kùn mọ́ra. Ọkùnrin tó síngbọnlẹ̀ kan ló bọ́ awò dúdú lójú tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi lórí ilẹ̀ tó kún fún èérún irin. Mi ò ní mọ̀ ọ́n bí kò bá dárúkọ ara rẹ̀.

"Tíṣà! Ẹ jókòó, ẹ jókòó mà. Táòfíkì, ra mínírà wá fún ìyá mi."

Mi ò jókòó. Mi ò mọ bí a ti ń bẹ ẹni tí a ti nà. Mo sọ fún un bí Ọlọ́runyọmí ṣe máa ka ìwé ìjẹníyà, tó sì máa pe orúkọ Sílà. Mo ní, "Wọn ò mọ̀. Àwọn tó mọ̀ ti kó lọ. Mo fẹ́ kó o dákẹ́."

Ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú àkísà.

"Tíṣà, ẹ má bínú o, ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan. Ọjọ́ kẹta tí ẹ nà mí, mo lọ jókòó, mo wá ń rò ó pé àbí Sílà wà níbẹ̀ lóòótọ́, tó jẹ́ èmi ni mi ò rí i. Tíṣà ni yín, ẹ̀yin kì í ṣàṣìṣe. Mo bá sún fún un. Ìdí mi kan ló ń wà lórí bẹ́ńṣì, ìkejì á wà níta. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ títí di Kérésì. Mo máa ń fi gègé mi sílẹ̀ fún un."

Mo gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ náà wọ etí mi, kò lọ síbì kankan. Mo tún béèrè pé, "Ṣé wàá dákẹ́?"

"Màá dákẹ́ mà," ó ní. "Ẹ ti kọ́ mi."

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kọkànlá ni àjọ̀dún náà. Ṣọ́ọ̀ṣì kún. Ọkọ mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó wọ aṣọ òfì rẹ̀. Mi ò sọ fún un. Ọdún mọ́kàndínlógún la ti fi ń gbélé pọ̀ láìsọ, n ò mọ ibi tí mo ti lè bẹ̀rẹ̀. Sàláúdéènì wà ní ẹ̀yìn lọ́hùn-ún láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ó di fìlà rẹ̀ mú lọ́wọ́.

Ọlọ́runyọmí ka ìtàn tí mo kọ. Wọ́n fetí sí i bí èèyàn ti ń fetí sí ìfilọ̀. Lẹ́yìn náà, ó ṣí ìwé ìjẹníyà, ó ka ti Sàláúdéènì. Ọjọ́ kìíní, irọ́ pípa. Ọjọ́ kejì, irọ́ pípa. Nígbà tó dé ọjọ́ kẹta, ìjọ ti ń gbá àga. Ẹnì kan kígbe pé, "Òpùrọ́ onígéètì!" Sàláúdéènì bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó yí fìlà náà po, ó tún yí i po.

Ẹ̀bùn ló kàn. Ọlọ́runyọmí pe Àrìnkẹ́ Ọládòṣù, obìnrin kan dìde, ó ní, "Mo wà níbí," wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó pe Mùktárù ọmọ Ìsíátù, òun náà dáhùn, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó wá ní, "Ẹni kẹta, 1958. Sílà Àjàmú Fákúnlé."

Èmi ò wo ọkọ mi. Apá rẹ̀ tó kan apá mi le gbagidi.

Ọlọ́runyọmí tún un pè. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà, mo mọ̀ ọ́n. Òun náà ni ti kíláàsì kejì. Mo yíjú sẹ́yìn, Sàláúdéènì ń wò mí, ó pa ẹnu dé pinpin bí mo ti kọ́ ọ.

"Ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù," Ọlọ́runyọmí ní. "Ẹ jẹ́ ká pàtẹ́wọ́ fún un!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ ju ti àwọn tó kù lọ, nítorí Lọ́ńdọ̀nù. Gbogbo ìjọ ń pàtẹ́wọ́ fún ọmọ mi. Ohun tí mo fẹ́ ni, ó tẹ̀ mí lọ́wọ́, mi ò sì gbádùn rẹ̀ rárá. Sàláúdéènì nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Bí ó ti jókòó ni mo rí. Ìdí rẹ̀ kan wà lórí bẹ́ńṣì, àyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ẹnì kankan ò jókòó sí.

Mo dìde. Mo ní, "Kò wá."

Ọlọ́runyọmí ní, "Ẹ ní kí ni mà?"

"Mo ní kò wá. Ọmọ mi ni. Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹwàá ló wá gbẹ̀yìn, láàárọ̀. Ó kú. Èmi ni mo ń fi ìlà síwájú orúkọ rẹ̀ títí ọdún fi parí. Ẹ má kàn án mọ́ àwọn tó gba ẹ̀bùn." Mo yíjú sẹ́yìn. "Sàláúdéènì, o ò purọ́. Òótọ́ lo sọ, mo sì nà ọ́ lórí ẹ̀ ní ẹgba méjìdínlógún. Irọ́ tó wà nínú ìwé yẹn, tèmi ni. Má bínú."

Sàláúdéènì dìde, ó ní, "Ó tán mà, Tíṣà." Ọkọ mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà yẹn, ó ń lọ, kò wẹ̀yìn.

Mo lọ síwájú, mo gba ìwé ìpe-orúkọ náà lọ́wọ́ Ọlọ́runyọmí. Kò bá mi jà sí i.

Nígbà tí mo délé, ọkọ mi jókòó sẹ́yìnkùlé lórí àpótí ìjókòó. Mo rò pé ó máa bínú, mo sì ti múra sílẹ̀ láti bínú padà. Kò bínú. Ó ní, "Gbé e wá kí n rí i."

Mo ṣí ìwé náà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo fi ọjọ́ kẹtàlá hàn án. Mo ní, "Ìlà àárọ̀ yìí, òun ló fẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Ti ọ̀sán yìí, èmi ni. Gbogbo èyí tó kù, èmi ni."

Ó gbé ìka rẹ̀ lé ìlà àárọ̀ náà. Ìka òṣìṣẹ́ rélùwéè ni, ó bo ìlà náà mọ́lẹ̀, ó bo orúkọ méjì mìíràn pẹ̀lú rẹ̀. Ó pẹ́ lórí ẹ̀.

"Ìyá Sílà," ó ní, "pè é."

Ó ti tó ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti gbọ́ orúkọ yẹn gbẹ̀yìn. Mo pe gbogbo wọn, láti òkè, bí mo ti máa ń pè wọ́n. Mo dé orí Bùràímọ̀, mo dé orí Fákúnlé. Mo ní, "Fákúnlé, Sílà Àjàmú."

"Kò wá, mà," ni Bàbá Sílà wí, ó sì bú sẹ́kún.

Mo mú bírò. Mo fi òdo sí ọ̀sán ọjọ́ kẹtàlá, ṣùgbọ́n omi ń já bọ́ lójú mi sórí ìwé, òdo náà ò sì rí róbótó. Bàbá Sílà ní kò burú, kí n kọ èyí tó kù. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án.